Àtẹ́lẹwọ́ Tó Wà Nínú Ọkọ̀ Alhaja

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, tí ẹ ń bi ara yín léèrè irú iṣẹ́ tí ẹ ó fi ọjọ́ ayé yín ṣe, mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa dárúkọ iṣẹ́ tèmi fún yín. Kò tiẹ̀ lórúkọ kan pàtó lédè wa. Nígbà ayé ìyá mi, tí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n pé kí ni ọmọ wọn ń ṣe ní Èkó, wọ́n á ní, "Ó máa ń lẹ àpò mọ́ àpò." Inú a máa bí mi. Lónìí tí mo ti fẹ̀yìn tì, tí mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé mi ní Ìkòsì, mo rí i pé wọ́n sọ ọ́ dáadáa. Lílẹ nǹkan mọ́ nǹkan ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe, ẹ̀rù tó sì ń bà mí látọjọ́ náà ni pé kí ohun tí mo lẹ̀ má lọ ṣí.

Kẹ́mísìrì ni mo kà ní yunifásítì, láyé ìgbà tí yunifásítì ò tíì pọ̀, tí wọ́n ń gbé oúnjẹ síwájú wa lórí tábìlì tí aṣọ funfun bò. Ẹ má dá mi lóhùn tí mo bá ń rántí ìyẹn jù. Mo rò pé ọ́fíìsì tó tutù ni màá ti lo ìwé mi. Ilé iṣẹ́ tó gbà mí ń fi fáíbà, ìyẹn òwú gíláàsì tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun, ṣe táńkì omi àti ọkọ̀ ojú omi. Bí wọ́n ṣe gbà mí àti ohun tí wọ́n ń san kò ní ìtàn kankan nínú. Lọ́jọ́ tí mo dé, wọ́n ní kí n lọ bá Ọ̀gá Fátókun lẹ́yìn ilé.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ọ̀gá Fátókun. Wọ́n ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọn kì í pariwo. Ìka tó kéré jù lọ́wọ́ ọ̀tún wọn kò kọjá oríkèé àkọ́kọ́. Ayùn ló gé ìyókù nígbà tí àwọn náà ń kọ́ṣẹ́. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀.

"Ìwọ ni wọ́n ní o ti yunifásítì dé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O káàbọ̀. Gbá ilẹ̀ yẹn."

Mo gbálẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní ẹni tí kò lè gbálẹ̀ kó mọ́ kò lè lẹ nǹkan kó dì, torí eruku tó bá bọ́ sáàárín iṣẹ́ ni yóò bà á jẹ́. Yunifásítì ni wọ́n sì ń pè mí láti ọjọ́ yẹn títí wọ́n fi kú.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. A ní móòdù, ìyẹn ohun tí a gbẹ́ sí ìrísí ọkọ̀ tàbí táńkì tí a fẹ́ ṣe. A ó tẹ́ fáíbà sórí rẹ̀, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì da rẹ́sìnì sí i, oje kan tó máa ń le bí òkúta tí a bá ti po kẹ́míkà mọ́ ọn. A ó tún tẹ́ òmíràn lé e, a ó tún da rẹ́sìnì sí i, a ó yí róólà lórí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó há sínú lè jáde. Bó bá gbẹ, ó yẹ kí gbogbo ìpele yẹn di ẹyọ kan. Tí wọn ò bá di ẹyọ kan, tí omi tàbí ìgbọ̀nrìrì ń ṣí wọn kúrò lára ara wọn díẹ̀díẹ̀ bí ìwé tó rin, àwa máa ń sọ pé ó ti la ẹnu. Ọkọ̀ tó la ẹnu lè máa dán lójú fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọ̀gá máa ń fi owó kọ́bọ̀ kàn án níbi gbogbo, wọ́n á dẹ etí. Níbi tó ti dì, á dún ko-ko-ko. Níbi tó ti la ẹnu, á dún pò-pò, bí ìgbà tí èèyàn ń kan páálí.

Òfin méjì ni wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Èkíní ni ahọ́n. Gbogbo ohun tí a bá ṣe, etí rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ gùn kọjá móòdù. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ahọ́n. A ó gé e, a ó jù ú sínú garawa omi, ó di ìgbà tó bá mu omi yó kí wọ́n tó yọ ọ́, kí wọ́n wá ti ṣísẹ́ẹ̀lì bọ àárín ìpele rẹ̀, kí wọ́n wò ó bóyá á ṣí. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fi ayùn la táńkì ńlá kan sí méjì níṣojú oníbàárà tó wá gbé e, torí pé ahọ́n rẹ̀ ṣí. Oníbàárà náà ń bẹ̀ wọ́n, ó ní òun á gbà á bẹ́ẹ̀.  Wọ́n ń rẹ́ ẹ lọ ni.

Òfin kejì ni òrí. Rẹ́sìnì máa ń jẹ awọ èèyàn. Igbá òrí kan wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọjá rẹ̀ láì fi pa ọwọ́ méjèèjì kó dán. "Mo fẹ́ dá ọwọ́ yín padà fún àwọn ìyàwó yín bí mo ṣe gbà á," ni Ọ̀gá máa ń wí. "Mi ò ní fi èèpo igi ránṣẹ́ sí wọn." Gbólóhùn yẹn nìkan ni mo gbọ́ lẹ́nu wọn tó jọ pé wọ́n fẹ́ràn wa. Èyí tó kù, kí a gbálẹ̀, kí a tún un ṣe, kí a má sọ̀rọ̀.

Ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé níkẹyìn. Ọ̀gá lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Ifákọ̀. Èmi àti Mùdàṣírù, tí gbogbo ayé ń pè ní Múdà, tí a jọ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ wọn, gba ilẹ̀ kékeré kan ní Kétu, a fi páànù bò ó, a bẹ̀rẹ̀ tiwa. Ìgbà yẹn ni fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwọn èèyàn, tí Múdà so tiẹ̀ mọ́ ọrùn bíi ti olórí ẹgbẹ́ akọrin. Ṣùgbọ́n fáíbà ti ń wọ́n. Ìgbà mìíràn a ò rí i rà rárá, a ó jókòó a ó máa wo móòdù.

Mile 12 ni mo wà lọ́jọ́ kan tí mo lọ ra iṣu, ni mo rí ẹlẹ́wà kan tó ń gbọn àpò ìdọ̀họ rẹ̀. Okùn kan ń yọ lára àpò náà. Mo fà á, mo fẹ́ já a, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gé mi níka. Mo dúró síbẹ̀, mo ń fa okùn àpò olóhun. Ó ní, "Baba, ṣé kò sí?" Mo ní kó ta àpò náà fún mi. Mo gbàgbé iṣu.

Ohun tí mo kà nílé ìwé wá sọjí nínú mi. Mo mọ̀ pé ọ̀rá àti ìda wà lára okùn bẹ́ẹ̀, tí kò ní jẹ́ kí rẹ́sìnì dì í mú. A ń rẹ àwọn àpò náà sínú omi tí a po sódà díẹ̀ mọ́, sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ, a ó ṣan wọ́n títí omi á fi mọ́ gaara, a ó sá wọn sórí páànù títí wọ́n á fi gbẹ ganrangandan. Ahọ́n tí a kọ́kọ́ ṣe, Múdà ti ṣísẹ́ẹ̀lì bọ̀ ọ́ títí ó fi ń làágùn.

"Ẹ̀gbọ́n, kò ṣí o!"

"Tún un ṣe."

"Mo ní kò ṣí. Ṣé kí n pe katakata wá ni?"

Alhaja ló kọ́kọ́ ra ọkọ̀ alápò lọ́wọ́ wa. Òun ló ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì gbé èèyàn láti Kétu kọjá omi lọ sí Agbóyì: àwọn tíṣà, àwọn oníbúrẹ́dì, àwọn tó ń ti ọjà bọ̀. Opó ni, ọkọ̀ rẹ̀ onípákó ti ń jò, ó sì fẹ́ kí tuntun fúyẹ́ kó má máa mu epo jù. Ó sọ fún wa pé tí ti òun bá dáa, gbogbo àwọn ọlọ́kọ̀ etí omi yẹn máa tẹ̀ lé òun wá. Ìyẹn ni ìrètí ṣọ́ọ̀bù wa.

Ọ̀gá gbọ́, wọ́n gbéra láti Ifákọ̀ wá, pẹ̀lú igbá òrí lọ́wọ́. Mo ti lé láàádọ́ta ọdún nígbà náà, wọ́n ṣì ní, "Yunifásítì, ilẹ̀ yìí ò mọ́." Wọ́n bọ́ agbádá, wọ́n bá wa ṣiṣẹ́. Àpò kì í ṣe bíi fáíbà. Ó máa ń mu rẹ́sìnì, ó sì máa ń wú sókè, róólà ò lè tẹ̀ ẹ́ dé ìdí. Fáíbà máa ń gún ọwọ́, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n àpò rọ̀. Ọ̀gá ní ká máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Àwọn fúnra wọn ló tẹ ìdí ọkọ̀, níbi tí ó nípọn jù. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni ń fi ọmọ sùn. Mi ò rí wọn rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ahọ́n ọkọ̀ náà kò ṣí. Lọ́jọ́ tí a gbé e sómi, wọ́n mú kọ́bọ̀, wọ́n kàn án káàkiri, ko-ko-ko. Wọ́n wá kọjú sí Alhaja. "Ẹ máa gbé èèyàn sí i. Èmi Fátókun ló sọ bẹ́ẹ̀."

Òjò ọdún yẹn pọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí ọkọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Agbóyì, tíṣà kan sọ pé ilẹ̀ ọkọ̀ ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ òun bí àkàrà. Kí awakọ̀ tó bojú wẹ̀yìn, ìdí ọkọ̀ ti la ẹnu, omi ń wọlé. Ọlọ́run ṣe é, etí omi kò jìnnà, omi ò ju àyà lọ níbẹ̀. Gbogbo wọn ló wọ́dò jáde. Búrẹ́dì ló bá omi lọ. Ẹ̀mí kankan kò lọ sí i, mo sì máa ń dúpẹ́ títí dòní.

Lọ́jọ́ kejì, Alhaja wá sí ṣọ́ọ̀bù. Kò pariwo. Ó jókòó sórí garawa rẹ́sìnì tó ti tán, ó fi orúkọ ọmọ mi pè mí.

"Daddy Dúpẹ́, tíṣà yẹn lóyún sínú. Ṣé ẹ mọ̀?"

"A gbọ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Wọ́n ní kí n padà sídìí pákó. Gbogbo wọn létí omi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní, 'Alhaja alápò, ẹ̀wà ló yẹ kẹ́ ẹ dà sínú rẹ̀.'" Ó nu ojú. "Mi ò wá jà. Bàbá yẹn ló fọwọ́ sọ̀yà fún mi. Kí wọ́n wá fẹnu ara wọn sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi létí omi, níṣojú gbogbo èèyàn. Tó bá yé mi, ẹ ó ṣe òmíràn. Tí kò bá yé mi, kí kálukú máa lọ."

A gbé ọkọ̀ náà padà sí Kétu, a fi ayùn la ìdí rẹ̀. Múdà ti ṣísẹ́ẹ̀lì bọ̀ ọ́, kò tiẹ̀ lo agbára. Ìpele kan ṣí kúrò lára ìkejì bí ẹni ń ṣí ìwé. Ibi tó yẹ kí okùn àpò ti ya, kó rí wúruwùru, ńṣe ló ń dán. Mo gbé e sójú oòrùn. Àwòrán kan wà níbẹ̀. Mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún. Àtẹ́lẹwọ́ èèyàn ni, ó hàn kedere pẹ̀lú gbogbo ìka rẹ̀, àwọn òmíràn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì. Ìka tó kéré jù níbẹ̀ kò kọjá oríkèé àkọ́kọ́.

Múdà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Òrí."

Ó tọ́. Ọ̀rá tí a fi sódà fọ̀ kúrò lára àpò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni a tún fi ọwọ́ wa tẹ̀ padà sáàárín rẹ̀. Ibi tí àtẹ́lẹwọ́ kàn, rẹ́sìnì kò dì. Ahọ́n kò sì lè sọ ọ́ fún wa, nítorí etí móòdù ló wà, búrọ́ọ̀ṣì nìkan la fi ń kan ibẹ̀. Ibi tí kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni la ti ń dán iṣẹ́ wò.

"Ẹ̀gbọ́n," Múdà ní, "ẹ jẹ́ ká fi sáńdípépà pa á rẹ́. A ó ní rẹ́sìnì ni kò dáa. Ẹ wo ọjọ́ orí Ọ̀gá."

 Mo ń rò ó. Tí mo bá pa á rẹ́, Ọ̀gá á dúró níwájú Alhaja, wọ́n á sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ láìmọ̀. Tí mo bá fi hàn wọ́n, mo ń gbé ọwọ́ wọn fún wọn pé òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa tíṣà aboyún. Mo fi ìwé ìròyìn wé awẹ́ ìdí ọkọ̀ tó ní àtẹ́lẹwọ́ náà, mo wọ mọ́tò lọ sí Ifákọ̀.

Wọ́n jókòó sí kọ́rídọ̀ lórí àga onírọ́bà. Mo kí wọn, mo tú u, mo gbé e sórí itan wọn. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n wá gbé ọwọ́ ọ̀tún wọn lé e. Ó bá a mu gẹ́lẹ́.

"Mi ò rò pé ọwọ́ mi kéré tó báyìí," ni wọ́n sọ.

Wọ́n gbójú sókè wò mí.

"Yunifásítì, wọn ò kọ́ yín nípa ọ̀rá níbẹ̀ ni?"

"Wọ́n kọ́ wa, sà."

"O wá ń wò mí níran?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ẹni tí kò bá pa òrí kò gbọ́dọ̀ wọlé, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú lẹ́nu wọn. Wọ́n ní, "Gbogbo ọdún yẹn, nítorí ọwọ́ yín ni." Mo ní mo mọ̀, sà. Wọ́n dìde, wọ́n ń wá bàtà wọn. Wọ́n ní kí n má wé awẹ́ náà mọ́, kí n gbé e lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀.

Etí omi kún lọ́jọ́ tí a lọ bá Alhaja. Àwọn ọlọ́kọ̀ pákó ti gbọ́, wọ́n wá wòran. Tíṣà náà wá, ó jókòó sórí àpótí búrẹ́dì. Ọ̀gá ò jókòó. Wọ́n gbé awẹ́ náà sókè, wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí gbogbo èèyàn lè rí méjèèjì.

"Alhaja, ọwọ́ tó ba ọkọ̀ yín jẹ́ nìyí. Àpò náà dáa. Rẹ́sìnì náà dáa. Àwọn ọmọ wọ̀nyí fọ iṣẹ́ wọn kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Èmi ni mo fi òrí tẹ̀ ẹ́, èmi ni mo sì kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí."

 Mi ò gbọ́ kí Ọ̀gá tọrọ àforíjì rí, mi ò sì mọ ibi tí mo lè kọjú sí. Tíṣà náà ní, "Ẹ má wulẹ̀ bẹ̀ mí mọ́, Daddy. Kẹ́ ẹ ṣáà ṣe é kó dì." Alhaja gba awẹ́ náà, ó fi ìka rẹ̀ tọ ìka tó gé náà.

"Ó yé mi," ó ní. "Ọwọ́ yìí náà ni mo fẹ́ kó ṣe ìkejì. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ o!"

Gbogbo etí omi bú sẹ́rìn-ín, àwọn ọlọ́kọ̀ pákó pàápàá.

Ọ̀gá fi ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn fọ ọwọ́ wọn títí dé ìgúnpá, wọ́n nà á sínú oòrùn bí aṣọ. Igbá òrí kò wọ ṣọ́ọ̀bù wa mọ́. A wọ ìbọ̀wọ́, ṣùgbọ́n rẹ́sìnì máa ń jẹ ìbọ̀wọ́ ìgbà yẹn títí á fi ya, ọwọ́ lásán la sì máa ń parí rẹ̀. Múdà ló ní kí a máa rán ìpele àpò mọ́ra pẹ̀lú òwú ńlá kí a tó da rẹ́sìnì sí i, bí wọ́n ṣe ń rán tìmùtìmù, kí òwú lè di òkè mú mọ́ ilẹ̀. Mo fi tèmi kún un: a kò gé ahọ́n létí mọ́. Láti ìdí ọkọ̀, níbi tí a máa lu ihò dídà omi sí, níbi tí ọwọ́ gbogbo wa ti kọjá, la ti ń gé e.

Ọ̀gá ló dán ahọ́n ọkọ̀ kejì wò. Wọ́n ti ṣísẹ́ẹ̀lì bọ̀ ọ́, wọ́n gbé ìwọ̀n ara wọn lé e. Ó ró kàkà. Okùn àpò ló ya, ó rí wúruwùru bí irun. Ìpele kò ṣí. Wọ́n gbé e fún mi, wọ́n ní, "Gbá ilẹ̀ yìí."

Ọkọ̀ yẹn gbé èèyàn lọ sí Agbóyì fún ọ̀pọ̀ ọdún láì la ẹnu. Tíṣà wa gbé ọmọ rẹ̀ kọjá nínú rẹ̀. A ṣe fún àwọn yòókù létí omi, títí kan ẹni tó sọ̀rọ̀ ẹ̀wà. Nígbà tí mo fi máa fẹ̀yìn tì, àwọn tí a kọ́ níṣẹ́ ti ń fi náílọ̀n bo móòdù, tí ẹ̀rọ kan á fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, tí rẹ́sìnì á sáré kiri láàárín àpò láìsí pé ọwọ́ kàn án. Ó dára púpọ̀. Mo máa ń dúró wò ó, mo sì máa ń fẹ́ tẹ nǹkan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń yan iṣẹ́, gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ ni mo ti sọ yìí. Ọ̀gá ti lọ. Awẹ́ náà wà lára ògiri pálọ̀ mi, àwọn àlejò máa ń rò pé iṣẹ́ ọnà ni. Ọwọ́ tèmi ti la, ó le, ó ń ha aṣọ ìyàwó mi tí mo bá bá a ká a. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo kó irinṣẹ́ mi kúrò ní Kétu, ó gbé abọ́ kékeré kan wá, ó jókòó tì mí ní pálọ̀, ó mú ọwọ́ mi ọ̀tún. Mo fà á padà kí n tó mọ̀.

"Kí ló dé?" ó ní. "Òrí ni."

Mo wo àtẹ́lẹwọ́ tó wà lára ògiri. Lẹ́yìn náà, mo na ọwọ́ mi méjèèjì sí ìyàwó mi.